Géèmù Tí Kò Lópin Tí Mo Gbé Dé Lomé

Ẹ̀yin ará Kàbà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ sọ ọ́ káàkiri pé Sámù ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó, mo kí yín. Okun o. Mo ti dé. Mi ò rí aṣálẹ̀ kankan. Lomé ni mo lọ, ní ilẹ̀ Tógò, ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo sì lò níbẹ̀. Bàbá tó ń ta kaṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi tiẹ̀ ti ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n máa gbé fóònù wọn lọ síbòmíràn, pé èmi àti Kàbà ti di arìnnàkò. Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi dá wọn padà.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí, títí kan ibi tí kò dùn ún sọ.

Ohun tó gbé mi rìn

Ẹ mọ̀ mí mọ́ fóònù títúnṣe. Girama ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, orí fóònù àti laptọọ̀pù àlòkù kan ni mo ti kọ́ ọ. Ohun tí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé èmi àti Fúnmi, ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ti ń ṣe géèmù kan bọ̀ ó ti pẹ́. Èmi ń kọ kóòdù, òun ń yàwòrán. Ìtàn Ìyá Àgbà wa tó wà ní Odò-Apẹ́ ni géèmù náà: bí ogun ẹlẹ́ṣin ṣe máa ń ya wọ abúlé láyé àtijọ́, tí àwọn èèyàn wa á sì sá gun òkè, torí ẹṣin kò lè gun àpáta. Nínú géèmù náà, ìwọ lo máa mú ọkùnrin kan láti ìsàlẹ̀ abúlé dé orí òkè kí àwọn ẹlẹ́ṣin tó dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irinṣẹ́ wa díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù lè lo irú èyí tí bọ́tìnnì kún ojú rẹ̀, tí wàá máa fi ọwọ́ fa igi síbí, fa ilé sọ́hùn-ún. Laptọọ̀pù mi kò lè gbé ìyẹn. Bí mo bá ṣí i, á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Irú kejì wà, ọ̀fẹ́ ni, kò ní bọ́tìnnì kankan. Àwọn tó ṣe é kàn gbin òpó ilé sílẹ̀ fún ọ ni: òpó tó ń gbé àwòrán jáde, òpó tó ń mọ̀ bí ìka bá kan ojú fóònù, òpó tó ń mú ohùn wá. Ògiri, òrùlé, ilẹ̀kùn, kóòdù ni wàá fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Irú òpó bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, èdè tí oníkálukú wọn sì ń gbọ́ yàtọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà mi wà.

Òpó tó ń gbọ́ èdè Python ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ó rọrùn. Mo gbìyànjú títí láti gbé e dé orí fóònù, kò ṣeé ṣe fún mi. Mo kó lọ sí ti Lua. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wá kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ohun ìṣeré ọmọdé ni ti Lua, mo bá fi í sílẹ̀, mo kó lọ sí ti JavaScript. Gbogbo ìgbà tí mo bá kó, màá ní ìwọ̀n àwòrán ti yí padà, Fúnmi á sì tún gbogbo wọn yà látìbẹ̀rẹ̀. Kò ráhùn. Èmi náà kò bi í pé ṣé ó rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn tó ń fi kóòdù nìkan ṣe géèmù fẹ́ pàdé ní Lomé, kí oníkálukú wá parí géèmù kékeré kan níbẹ̀, ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé màá bi àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo: òpó wo ló dára jù? Kí n gbin ìyẹn, kí n sinmi.

Fúnmi sìn mí dé gáréèjì. Ó bá mi gbé báàgì. Nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbéra ló tó sọ̀rọ̀.

“Bùọ̀dá Sámù, ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìbẹ̀rẹ̀ mìíràn wá fún mi o. Ìbẹ̀rẹ̀ ti kún ilé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹṣin tí ẹ ní kí n yà, mi ò yà á. Bí géèmù bá parí, màá ya ẹṣin. Bí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ẹ wá ẹlòmíràn tí á máa bá yín yàwòrán. Mi ò bínú o. Ó kàn tó.”

Mọ́tò gbéra. Ohun tí mo gbé kúrò ní Kàbà nìyẹn, ó wúwo ju báàgì mi lọ.

Ibi tí ẹnu mi ti kéré

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà dà yín láàmú; ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Láti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ lọ ni nǹkan ti yí padà. Kò sí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ mi, ẹnu mi ló di kékeré. Faransé ni gbogbo ènìyàn ń sọ, èmi tí mo máa ń pàṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù mi wá di ẹni tó ń tọ́ka sí omi bí ọmọdé.

Mo ṣe ohun tí ọmọ Okun máa ń ṣe. Mò ń kí ènìyàn. Ìyá kan jókòó tì mí nínú mọ́tò tó gbé wa kúrò ní Kútọnu. Nígbà tó wọlé, mo kí i. Nígbà tó ń jẹ búrẹ́dì, mo kí i. Ó sùn, ó jí, mo tún kí i. Ó bá yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn wa, ó sọ nǹkan fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì fi Yorùbá tó dà bíi ti Àjàṣẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní kí ni ẹ fẹ́ tà fún àwọn?”

“Mi ò ta nǹkan kan. Mo kàn ń kí wọn ni.”

Ó sọ ọ́ fún ìyá náà. Ìyá náà wò mí, ó já búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní apá kan. Bóyá ó rò pé ebi ló ń pa mí. Mo gbà á, mo sì tún kí i.

Nígbà tí a kọjá ẹnubodè kejì, òkun wà lápá òsì wa. Mo ti rí i nínú àwòrán lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n àwòrán kì í hó. Èmi tí òkè yí ká láti kékeré, tí mo mọ̀ pé ibikíbi tí mo bá kọjú sí, nǹkan kan á dá ojú mi dúró, mo wo iwájú, kò sí nǹkan kan tó dá ojú mi dúró. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí Fúnmi sọ ní gáréèjì, mo yíjú padà sínú mọ́tò.

Omi ṣáájú ọ̀rọ̀

Ilé tí a dé sí jẹ́ ti ìyá kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dàdá Afi. Àbúrò ìyá Kọkú ni, Kọkú sì ni ọmọkùnrin Lomé tó pè wá jọ. Yanrìn funfun ni gbogbo àgbàlá, wọ́n gbá a títí tí ó fi dà bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Igi máńgòrò kan wà láàárín, àga yí i ká.

Bí mo ṣe wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀: “Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àlejò, a bá yín láàyè o...” Dàdá Afi kò dáhùn. Ó gbé ife omi kan wá, ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo gbà á, mo gbé e sílẹ̀ lórí yanrìn, mo sì ń bá ìkíni mi lọ, torí bàbá mi kọ́ mi pé èèyàn kì í fẹnu kan oúnjẹ tàbí omi onílé kó tó kí i tán. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Mo bá tún fi kún ìkíni.

Ohùn obìnrin kan jáde láti abẹ́ máńgòrò. Yorùbá ni, ṣùgbọ́n irú èyí tí mi ò gbọ́ rí. Ó ń fà á bí ẹni ń kọrin.

“Ọmọ ìyá mi, mu omi náà. Wọn kì í gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ níbí.”

Mo gbé ife náà sẹ́nu kíákíá. Dàdá Afi jókòó, ojú rẹ̀ tú ká. “Wòèzọ̀,” ó ní, ìyẹn ni pé káàbọ̀. Obìnrin abẹ́ máńgòrò ní kí n dáhùn pé “Yoo.” Mo ní “Yoo.” Ìgbà yẹn ni ìkíni wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o! Ó béèrè ilé. Ó béèrè ìyá. Ó béèrè àwọn ọmọ ilé, àwọn tó sùn sílé lálẹ́ àná, ọ̀nà, ìlú tí mo ti ń bọ̀. Mo ti rò pé àwa la ni ìkíni láyé yìí. Ìyá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kí àwọn adìẹ wa.

Obìnrin tó gbà mí sílẹ̀ yẹn ni Àdùkẹ́, ọmọ Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Bìní-Rẹpúblíìkì. Ó jù mí lọ díẹ̀, mo sì ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Òun ló di ẹnu mi ní Lomé. Ó máa ń fi Owé, èdè Kàbà wa tí mò ń sọ, ṣe yẹ̀yẹ́. “Bí Sámù bá ń sọ̀rọ̀,” á ní, “ó dà bíi pé ìyá ìyá mi jí dìde, tó wọ ṣòkòtò.”

Lọ́jọ́ kejì, Dàdá Afi ní fùfú la máa jẹ. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Fùfú ẹ̀gẹ́ kò bá inú mi rẹ́. Mo wá gbọ́ ìró ọmọ odó. Ẹ gbọ́, iṣu ni wọ́n ń gún! Iyán gidi, iyán tó ń dán, ni wọ́n ń pè ní fùfú. Ọbẹ̀ rẹ̀ ṣàn ju tiwa lọ, ata rẹ̀ sì ń ta ènìyàn nímú, ṣùgbọ́n iyán ni. Mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ ìgbèkùn. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Fúnmi lórí fóònù: “Ṣé o mọ̀ pé iyán ni wọ́n ń pè ní fùfú níbí?”

Èsì rẹ̀ kò gùn. “Géèmù ńkọ́?”

Àríyànjiyàn abẹ́ máńgòrò

Ẹni kẹrin wa ni Isúfù, ọmọ Máràdí ní ilẹ̀ Nìjẹ̀, ó ga, kì í yára sọ̀rọ̀. Hausa tí mo gbọ́ nínú ọjà wa ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ó ń gbọ́ mi; ti Kọkú, Faransé ni, Àdùkẹ́ ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Mo béèrè ìbéèrè tó gbé mi wá. Mo ní òpó wo ló dára jù. Háà! Àfi bíi pé mo ju eegun sáàárín ajá mẹ́ta.

Kọkú ní ti JavaScript ni, torí fóònù tó bá ti lè ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì lè ṣí i. Isúfù ní ti C ni, pé kò sí èyí tó yára tó o, pé C ni bàbá gbogbo wọn.

“Bàbá tí kì í pọn ọmọ,” ni Àdùkẹ́ wí. Ti Lua ni òun ń lò. “Gbogbo nǹkan ni wàá fọwọ́ ara rẹ ṣe fún un. Tèmi kéré, ó sì mọ̀wọ̀n ara rẹ̀.”

“Kada ka saurare ta,” ni Isúfù sọ fún mi, pé kí n má fetí sí i.

“Kí ló sọ?” ni Àdùkẹ́ bi mí.

“Ó ní ẹ káre.”

Kọkú ní kí n gbé géèmù mi jáde ná. Mo ṣí èyí tí mo ti fi JavaScript ṣe dé ìdajì, mo gbé e fún Isúfù. Ọkùnrin inú géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti ìsàlẹ̀ abúlé. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń hun aṣọ nídìí òfì, ó dúró, ó tẹrí ba, “Okun o” yọ lórí rẹ̀. Ó sáré díẹ̀, ó bá àgbẹ̀ kan, ó dúró. “Okun o.” Ó bá bàbá arúgbó kan lẹ́nu ọ̀nà. “Okun o.” Isúfù ń fi ìka tẹ ojú fóònù kíkan-kíkan, ọkùnrin náà kò lọ. Àwọn ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n ṣì jẹ́ àmì pupa lásán torí Fúnmi kò tíì ya ẹṣin, dé, wọ́n mú un.

“Haba!” Isúfù gbé fóònù sílẹ̀. “Àṣìṣe wà nínú kóòdù rẹ. Ó ń dá dúró.”

“Kì í ṣe àṣìṣe. Ó ń kí wọn ni.”

“Ogun ń bọ̀, ó ń kí ènìyàn?”

“Ṣé kó wá kọjá lára wọn bí ewúrẹ́?”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Kọkú tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn, ó ń sọ “Okun o, okun o” fún àwọn èèrùn. Ojú tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti kọ kóòdù yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èèyàn lè kọjá lára ìyá tó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ kó má kí i. Fúnmi náà ti ṣeré náà lọ́pọ̀ ìgbà, kò sọ ohunkóhun. Àwa méjèèjì kàn gbà pé bí ọkùnrin náà ṣe máa rìn nìyẹn.

Àdùkẹ́ ló kọ́kọ́ dákẹ́ ẹ̀rín. “Sámù, ìyá aláṣọ tó kí yẹn, kí ló ṣe lẹ́yìn tó kí i?”

“Kò ṣe nǹkan kan.”

“Ó jókòó síbẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Tí ogun fi bá a níbẹ̀?”

Mo jókòó, mo ń ro ìtàn Ìyá Àgbà. Báwo gan-an ni wọ́n ṣe dé orí òkè nínú ìtàn náà? Kì í ṣe pé ọkùnrin kan sáré. Ọkùnrin náà ń yà láti ilé dé ilé ni, ó ń kí wọn, ẹni tó bá sì kí á dìde, á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà ṣe máa ń sọ ọ́, tí á sì máa dárúkọ àwọn ilé náà. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré. Mo fi ìkíni náà sínú géèmù, mo gbàgbé àwọn ènìyàn náà.

“Wọ́n máa dìde,” ni mo wí. “Ẹni tó bá kí á tẹ̀ lé e. Kíkí á máa jẹ àkókò rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e á máa fà á sẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣeré ló máa pinnu ẹni tó máa kí.”

Isúfù tún gbé fóònù náà. Ó wò ó pẹ́. “To, ó dáa,” ó ní. “Ìyẹn dùn.”

Fóònù mi

Ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo rò ó pé bí ogún ènìyàn bá ń tẹ̀ lé ọkùnrin kan, ìyẹn máa wúwo, ti C ló sì yára jù. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ti ń kó òpó C sórí laptọọ̀pù mi. Àdùkẹ́ gba ẹ̀yìn mi kọjá, ó dúró.

“Sámù, ṣé ilé lo fẹ́ kọ́, àbí òpó lo fẹ́ máa gbìn kiri?”

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ Fúnmi ni mò ń gbọ́ ní tèmi: ìbẹ̀rẹ̀ ti kún ilé. Mo pe Isúfù pé kó wá kọ́ mi. Ó jókòó tì mí.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ C,” ó ní. “Eyín mi ti mọ̀ ọ́n. Tìrẹ, ó máa kán an kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ta ló fẹ́ ṣeré yìí?”

“Àwọn ará ilé mi.”

“Kí ni wọ́n fi máa ṣe é?”

Mo yọ fóònù mi. Ojú rẹ̀ ti sán láti igun dé igun. Irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Fúnmi, irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ìdajì àwọn tí mò ń tún fóònù ṣe fún. Èyí tó wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà tiẹ̀ gbó ju èyí lọ.

“Ó dáa,” ni Isúfù wí. “Fóònù yìí ló máa dá ẹjọ́ náà.”

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Oníkálukú máa fi òpó tirẹ̀ ṣe nǹkan kékeré kan náà: ọkùnrin kan tó ń gun òkè, tí ogún ènìyàn tẹ̀ lé e. Kò ju ìyẹn lọ. Ti Kọkú ló kọ́kọ́ ṣí, kíá ló ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn pọ̀, fóònù mi gbóná bí ìkòkò, ọkùnrin náà sì dúró sójú kan. Kọkú ní fóònù mi ló gbó, òótọ́ ló sì sọ. Ti Isúfù ń fò bí ẹyẹ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Gbígbé e dé orí fóònù ni kò rí ṣe kí oòrùn tó wọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé orí kọ̀ǹpútà ni òun máa ń ṣe tòun, pé ọ̀nà fóònù kì í ṣe ọ̀nà òun. Àdùkẹ́ fi wáyà so fóònù mi mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ju ti Lua sí i. Ó ṣí. Kò sáré, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn, gbogbo wọn, bí àwọn ará ilé tó ń bọ̀ láti oko.

“Má wo ẹnu mi o,” ni Àdùkẹ́ wí. “Fóònù rẹ ló sọ̀rọ̀.”

Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè gbé ojú sókè. Ti Lua. Èyí tí mo ti ní lọ́wọ́ rí, tí mo tìtorí ẹni tí mi ò mọ ojú rẹ̀ jù nù. Mo ṣí ibi tí mo kó iṣẹ́ àtijọ́ sí. Kóòdù náà wà níbẹ̀. Àwọn àwòrán Fúnmi wà níbẹ̀, àwọn tó yà fún ti Lua: ọkùnrin náà pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó ṣẹ́ sápá kan, ìyá aláṣọ, bàbá arúgbó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bá a mu bí wọ́n ṣe wà. Àtúnyà gbogbo tó yà lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí èyí tó pọn dandan nínú wọn.

Mo nu ti C kúrò lórí laptọọ̀pù mi. Mo nu ti JavaScript náà, kí ọ̀nà àtipadà má bàa sí.

Òpin

Láti ọjọ́ yẹn, n kò mọ Lomé mọ́. Abẹ́ máńgòrò ni mo wà. Mo ti fẹ́ kí géèmù náà ní òkè méje, odò, ọjà, àti ìran tí wọ́n ti ń dáko. Mo gé gbogbo rẹ̀. Mo dá òkè kan sí. Àdùkẹ́ fi bí òun ṣe máa ń to àwọn ènìyàn tẹ̀ lé ara wọn hàn mí, mo kọ́ ọ, mo sì kọ tèmi.

Ẹṣin ló kù. Fúnmi kò yà á, mi ò sì lẹ́nu láti bẹ̀ ẹ́. Mo yà á fúnra mi. Dàdá Afi gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú abọ́ ata, ó wò ó, ó sọ nǹkan, Kọkú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín.

“Ó ní ewúrẹ́ rẹ sanra.”

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ ló lépa àwọn baba ńlá wa títí di ọjọ́ tí a parí.

Nígbà tí mo wá dé ibi tí ọkùnrin náà ti gun orí òkè, ọwọ́ mi dúró. Mi ò mọ ohun tí mo máa kọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ géèmù yìí nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ìgbà kankan tí mo kọ òpin rẹ̀ rí, àní ìlà kan. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí Fúnmi ti rí tipẹ́. Mo kọ ọ́: ọkùnrin náà dé orí àpáta, ó yíjú padà, gbogbo àwọn tó kí dúró yí i ká. Àwọn tí kò kí, a ó máa rí ilé wọn nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí oníkálukú fi tirẹ̀ hàn, Kọkú ló gba tèmi ṣe. Ó sáré, kò kí ẹnikẹ́ni, ó dé orí òkè kíákíá. Ọkùnrin náà yíjú padà, òun nìkan ló wà níbẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kọkú, tó ti fi ìkíni wa bá èèrùn ṣeré, fi ìka tẹ ilẹ̀kùn kan. Ó wo ojú fóònù.

“Ṣé mo lè padà lọ?” ni ó wí.

Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá aláṣọ ló kọ́kọ́ kí.

Odò-Apẹ́

Mi ò yà sílé nígbà tí mo padà dé. Wọ́n sọ fún mi ní gáréèjì pé Fúnmi ti lọ kí Ìyá Àgbà, mo bá tẹ̀ síwájú lọ bá wọn. Wọ́n jókòó lẹ́yìn ilé, wọ́n ń bẹ iṣu. Ìyá Àgbà kí mi bíi pé àná ni mo lọ. Mo kí wọn. Ojú Fúnmi wà lára iṣu.

“Òpó wo lẹ gbé dé?”

“Ti Lua.”

Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró. “Ti Lua tí ẹ kọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́sí?”

“Òun náà. Àwọn àwòrán tí o yà fún un nígbà náà ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo ní kí o tún yà lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò lò wọ́n. Fúnmi, má bínú.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu padà. Mo gbé fóònù mi fún Ìyá Àgbà. Mo fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe máa fi ìka darí ọkùnrin náà. Wọ́n kí ìyá aláṣọ, ó dìde. “Ẹ wò ó,” wọ́n ní, “ó dìde.” Wọ́n kí àgbẹ̀. Wọ́n kí bàbá arúgbó. Ibi tó ti yẹ kí wọ́n máa sá lọ, wọ́n tún padà sẹ́yìn lọ kí ilé kan tí wọ́n fò. Wọ́n kó gbogbo abúlé lẹ́yìn, wọ́n ń rọra rìn. Àwọn ẹlẹ́ṣin dé, wọ́n mú gbogbo wọn.

“Wọ́n ti mú yín, Ìyá.”

“Kí wọ́n mú wa,” ni Ìyá Àgbà wí. “A jọ wà pọ̀. Bá mi dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.”

Fúnmi na ọwọ́, ó gba fóònù náà. Ó ṣeré náà. Ó kí àwọn kan, ó fi àwọn kan sílẹ̀, ó fi eyín tẹ ètè rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a, kò jẹ́ kí wọ́n bá a. Ó dé orí òkè. Ọkùnrin náà yíjú padà. Fúnmi wo òpin náà pẹ́, ó sì ń ka ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ sínú.

Ó wá gbé orí sókè.

“Bùọ̀dá Sámù, ta ló ya ewúrẹ́ yìí?”

“Ẹṣin ni.”

“Ẹṣin?” Ó gbé fóònù náà sún mọ́ ojú. Ìyá Àgbà náà na ọrùn wá wò ó, wọ́n sì mi orí bí ẹni tó ń wo òkú.

Fúnmi fi etí ìró nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó wá pẹ́ńsù inú rẹ̀ títí ó fi rí i. Ó ya ewé kan láti inú ìwé tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ní gbogbo ìgbà, èmi ni mo máa ń sọ ìwọ̀n tí mo fẹ́ fún un. Mo jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Fúnmi,” mo ní, “báwo lo ṣe fẹ́ kí ẹṣin náà tóbi tó?”